Ti ilé iṣẹ́ ni àbí ti àwọn olólùfẹ́? Ìfiwéra ìtumọ̀ àwọn géèmù ìjà Jàpáànì àtijọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan wà nílé wa, aláwọ̀ ìyeyè, tí gbogbo ọmọ àdúgbò mọ̀ dáadáa. Contra wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ogun náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí a kì í lè kọjá ibì kan. Bí a bá ti dé ibẹ̀, géèmù á dúró, àpótí dúdú kan á ṣí lójú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́tà funfun tí a kò mọ̀ á máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìró kékeré bí ìgbà tí adìyẹ bá ń ṣa àgbàdo. Lẹ́yìn náà á ní ká mú ọ̀kan nínú méjì. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń mú ti òkè. Bó bá bọ́ sí i, a tẹ̀ síwájú. Bí kò bá bọ́ sí i, ariwo á sọ, páàdì á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èdè Jàpáànì ni lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n jókòó ti irú àpótí dúdú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tú gbogbo ohun tó ń sọ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi tọrẹ láìgba kọ́bọ̀. Ìfẹ́ géèmù ló mú wọn ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidi.

Nígbà kan, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ àwọn olólùfẹ́ yìí, kò sí òmíràn. Ní báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà ti padà wá tú púpọ̀ nínú wọn fúnra wọn, wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á wá dúró sí oríta. Ìbéèrè tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé, èwo ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn jù? Èmi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ara géèmù tí wọ́n wọ Gẹ̀ẹ́sì náà fún. Aṣọ lè dára ju aṣọ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti sọ apá kan nù lọ́nà, aṣọ kọ́ la ó máa wò.

Mo ti fi gbogbo àwọn géèmù tí mo fẹ́ dárúkọ yìí ṣeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀nà méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí, màá dúró níbẹ̀.

Akumajō Densetsu àti Castlevania III

Ilé iṣẹ́ Konami gbé Akumajō Densetsu jáde fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù ti Nintendo, ní Jàpáànì ní oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ní 1990 ó dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Castlevania III: Dracula's Curse, Konami fúnra wọn ló sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ rárá: ìtàn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn mélòó kan nígbà tí Sypha, Grant tàbí Alucard bá fẹ́ di ẹmẹ̀wà akọni náà, àti ìparí. Ẹni tó bá ń ka iye ọ̀rọ̀ nìkan á ní kí ló dé tí àwọn olólùfẹ́ tún fi lọ tú ti Jàpáànì, nígbà tí ti Amẹ́ríkà wà nílẹ̀.

Ẹ fi etí sí i, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì ti Jàpáànì, Konami fi ègé ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ VRC6. Famicom fúnra rẹ̀ ní ohùn márùn-ún tó lè dún lẹ́ẹ̀kan náà. VRC6 fi mẹ́ta kún un, ó di mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ní ìró tó ń ha létí bí okùn gòjé. Famicom ní ọ̀nà tí ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì lè gbà kọjá sínú ẹ̀rọ, kó sì bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. NES, ẹ̀dà Famicom tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, kò ní ọ̀nà yẹn lẹ́nu ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, nítorí náà wọ́n ní láti tún gbogbo orin náà tò fún ohùn márùn-ún péré. Orin sítéèjì àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Beginning, ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ gbọ́ ti Amẹ́ríkà ṣáájú, ẹ ó gbádùn rẹ̀, nítorí orin náà lágbára fúnra rẹ̀. Kí ẹ wá gbọ́ ti Jàpáànì. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí ẹ ti ń jó sí dùndún kan ṣoṣo, tí àwọn onílù tó kù wá dé.

Ọ̀rọ̀ orin nìkan kọ́ o. Grant tó máa ń gun ògiri, ọ̀bẹ jíjù ni ohun ìjà rẹ̀ nínú ti Jàpáànì. Ó lè dúró lókèèrè kó máa ju ú lu ọ̀tá. Ní ti Amẹ́ríkà, wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá di ẹni tó ń fi ọ̀bẹ kúkúrú gún ohun tó bá sún mọ́ ọn nìkan. Ẹni tó bá ti lo Grant ti Jàpáànì mọ̀ pé ẹlòmíràn pátápátá nìyẹn. Wọ́n tún yí ìyà padà. Nínú ti àkọ́kọ́, bí ọ̀tá bá ṣe lágbára tó ni yóò ṣe gé ẹ̀mí yín tó. Nínú ti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá ṣe wọ inú géèmù jìnnà tó ni nǹkan ṣe ń dunni tó, ì báà jẹ́ ẹyẹ lásán ló kọlù yín. Wọ́n sì da aṣọ bo àwọn ère tó wà níhòòhò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iye ọ̀rọ̀ kọ́ ni ká wò. Patch, ìyẹn fáìlì kékeré àwọn olólùfẹ́, tó fi Gẹ̀ẹ́sì sí Akumajō Densetsu kò tú ju ojú ewé díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó fún yín ní géèmù náà bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó rí, tí ẹ sì lè kà á. Òun ni mo mú, láìwẹ̀yìn.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà patch, ọ̀nà àbùjá wà. Nínú Castlevania Anniversary Collection tí Konami gbé jáde ní 2019, ti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ti Jàpáànì kún un lẹ́yìn tó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí Gẹ̀ẹ́sì nínú èyí. Ẹ ka ìtàn náà nínú ti Amẹ́ríkà, kí ẹ fi ti Jàpáànì ṣeré. Owó kan náà ni.

Rockman & Forte àti Mega Man & Bass

Oṣù Kẹrin ọdún 1998 ni Capcom gbé Rockman & Forte jáde fún Super Famicom, ẹ̀rọ tí Nintendo ṣe tẹ̀lé Famicom, nígbà tí gbogbo ojú ti kọ sí PlayStation. Kò kúrò ní Jàpáànì. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kan tó ń jẹ́ Aeon Genesis, tí wọ́n ti tú géèmù púpọ̀, ló fi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní 2002, Capcom gbé e sórí Game Boy Advance, ẹ̀rọ géèmù kékeré tó ń gbé inú ọwọ́, ní Jàpáànì, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 2003 gẹ́gẹ́ bí Mega Man & Bass, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ti ilé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Àwòrán Super Famicom jẹ́ ìlà 224 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti Game Boy Advance jẹ́ 160. Ìlà 64 ló lọ yẹn. Àwọn ẹ̀dá inú géèmù kò kéré sí i láti fi dí i. Bí Rockman ṣe ga lọ́jọ́sí náà ló ga síbẹ̀. Fèrèsé tí ẹ fi ń wo ayé náà ni wọ́n gé. Ihò tí ẹ ti rí kí ẹ tó fò, ẹ kì í rí i mọ́ àfi tí ẹ bá ti wà lójú ọ̀run. Ẹ̀gún tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ lẹ fi máa mọ̀ ọ́n. Géèmù tó dẹ̀ lè fara da irú èyí. Rockman & Forte kò dẹ̀. Ó wà lára àwọn tó le jù nínú gbogbo ìdílé Rockman, pàápàá fún ẹni tó bá mú Rockman fúnra rẹ̀, nítorí Forte lè fò lẹ́ẹ̀mejì lófuurufú, ó sì ń yìnbọn sí ọ̀nà méje, nígbà tí Rockman ní ìbọn iwájú àti yíyọ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Ibi tó pọ̀ sí kò sí lójú ọ̀nà. CD 100 ni wọ́n fi pamọ́ káàkiri àwọn sítéèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ nípa ẹ̀dá kan látinú àwọn Rockman àtẹ̀yìnwá. Fún ẹni tí kò gbọ́ èdè Jàpáànì, CD wọ̀nyẹn dà bí owó ìlú mìíràn: ẹ ń kó o jọ, kò ṣeé ná. Patch náà ló sọ ọ́ di ohun tó ní láárí. Capcom náà tú wọn nínú ti 2003, nítorí náà n kò lè sọ pé ìmọ̀ kan wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò sí lọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Fèrèsé ló dájọ́. Ti Super Famicom pẹ̀lú patch ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ pé Game Boy Advance nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ṣeré, ẹ ó gbádùn rẹ̀, àmọ́ ẹ máa rántí pé kì í ṣe gbogbo ikú yín ló jẹ́ ẹ̀bi yín.

Kí ẹ tó fi patch sí ohunkóhun

Patch kì í ṣe géèmù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín géèmù àkọ́kọ́ àti èyí tí wọ́n ti tú nìkan ló wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fáìlì rẹ̀ fi ń kéré. Géèmù fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ fa fáìlì jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà fún un, ẹ wá lo patch sí i. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi ìtumọ̀ olólùfẹ́ sínú rẹ̀ tán. Ẹ má ṣe rà á. Ẹni tó fi ọdún tú u lọ́fẹ̀ẹ́ kò rí nǹkan kan nínú owó yẹn, ẹni tó ni géèmù náà kò sì rí nǹkan kan.

Oríṣi méjì lẹ ó máa bá pàdé jù fún géèmù inú kásẹ́ẹ̀tì: IPS àti BPS. IPS ti pẹ́, ohun tó sì ń ṣe kò ju pé ó lọ sí ibi báyìí-báyìí nínú fáìlì, ó kọ ohun báyìí síbẹ̀. Kì í bèèrè bóyá fáìlì tó tọ́ ni ẹ fún un. BPS máa ń yẹ fáìlì wò ṣáájú. Bí kì í bá ṣe èyí tó mọ̀, á kọ̀. Bí ẹ bá rí méjèèjì fún géèmù kan, ẹ mú BPS.

Mo fi ojú ara mi rí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi IPS sí géèmù Super Famicom kan, mo jókòó, mo ṣí i, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri, kò sí ohùn, kò sí nǹkan. Mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹta láti íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ dátà mi, bákan náà ni. Mo ti fẹ́ gbà pé àwọn tó tú u ló ṣe iṣẹ́ jákujàku. Nígbà tó yá ni mo kà á pé ẹ̀rọ ìdàkọ ayé àtijọ́ máa ń lẹ bytes 512, ìyẹn dátà kékeré kan, mọ́ orí fáìlì Super Famicom. Ti èmi ní i. Patch náà wà fún èyí tí kò ní i. Gbogbo ohun tó kọ ló bọ́ sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ sí ilé kẹwàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ilé onílé mìíràn. Mo gé 512 náà kúrò, ó ṣí. Inú ìwé àlàyé tó wà pẹ̀lú patch ni wọ́n kọ ọ́ sí látìgbà yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka ìwé yẹn.

Lórí fóònù, RetroArch, áàpù tó ń ṣí géèmù àtijọ́, rọrùn: ẹ fi patch àti géèmù sínú fódà kan náà, ẹ fún wọn ní orúkọ kan náà, á lò ó bó ṣe ń ṣí i, fáìlì géèmù yín kò sì ní yí padà. Ní ti ibi tí patch wà, Romhacking.net ni ọjà ńlá rẹ̀ láti 2005. Ní oṣù Kẹjọ 2024 ẹni tó ń darí rẹ̀ kéde pé wọn kò ní gba iṣẹ́ tuntun mọ́, wọ́n sì kó àkójọ náà lọ sí Internet Archive, ilé ìpamọ́ ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ti pẹ́ ṣì wà. Ẹ lọ gba èyí tí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ sí, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó dájú.

Seiken Densetsu 3 àti Trials of Mana

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí ara géèmù méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà.

Square (tó ti di Square Enix) gbé Seiken Densetsu 3 jáde fún Super Famicom ní oṣù Kẹsàn-án 1995. Ìjà ojú ẹsẹ̀ ni, kò sí pé ẹ̀yin lu, ọ̀tá lu. Akọni mẹ́fà ló wà. Ẹ ó mú mẹ́ta. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ mú ló ń pinnu ọ̀tá ńlá tí ẹ ó bá lópin: Duran àti Angela ní tiwọn, Kevin àti Charlotte ní tiwọn, Hawkeye àti Riesz ní tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ á fi ṣeré tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jọjọ.

Ní 2000 ni ìtumọ̀ àwọn olólùfẹ́ parí. Ẹ wo irú iṣẹ́ tó jẹ́. Nínú ìkọ̀wé Jàpáànì, àmì kan ṣoṣo lè dúró fún idà. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ lẹ́tà márùn-ún fún un. Gbólóhùn tó jókòó dáadáa nínú àpótí á wá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tú irú géèmù yìí ní láti wá bí ètò géèmù ṣe ń kà lẹ́tà, kó wá ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi orí sí nínú fáìlì, kó kó wọn lọ síbi tó fẹ̀, kó sì yí gbogbo àmì tó ń tọ́ka síbẹ̀ padà, láìsí ìwé ìtọ́sọ́nà kankan látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Àwọn tó dára jù tún máa ń kọ́ géèmù náà láti wọn ìbú lẹ́tà, kí “i” má baà gba àyè tó tó ti “m”. Bí ẹ bá rí ìtumọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ jìn síra wọn bí eyín àgbàlagbà, wọn kò ṣe apá yẹn.

Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá. Ní oṣù Kẹfà 2019, Square Enix gbé Collection of Mana jáde ní Amẹ́ríkà fún Nintendo Switch, Seiken Densetsu 3 sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tiwọn àti orúkọ tuntun, Trials of Mana. Géèmù 1995 gan-an ni, wọn kò tún un yà. (Èyí tí wọ́n tún yà pátápátá jáde ní 2020 pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ẹ má ṣe ṣi wọ́n mú.)

Ẹ wo Charlotte, ọmọ kékeré tó ń bá wọn jagun. Nínú èdè Jàpáànì, ó máa ń fi “dechi” parí gbólóhùn níbi tí àgbà á ti sọ “desu”. Ahọ́n rẹ̀ kò tíì yí. Gbogbo wa mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá ní kó pe “ràkúnmí”, á ní “yàkúnmí”. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “dechi”, olùtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀ fi ahọ́n ọmọdé sí i lẹ́nu. Kevin náà ń sọ̀rọ̀ gígé-gígé, bí ẹni tí kò bá ènìyàn gbé rí. Orúkọ pàápàá yàtọ̀: Carlie ni àwọn olólùfẹ́ pe Charlotte, Lise ni wọ́n pe Riesz.

Ti 2000 ni mo fi mọ géèmù yìí, Lise ló ṣì ń jẹ́ lọ́kàn mi. Síbẹ̀, bí àbúrò mi bá bi mí lónìí, màá ní kó ra Collection of Mana. Ara géèmù kò dín ní nǹkan kan, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún, ó ṣeé dá dúró níbikíbi kí iná tó lọ, owó yín á sì dọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ní Super Famicom gidi nílé, tó fẹ́ fi ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, òun ni patch 2000 wà fún.

Tales of Phantasia

Àwọn olólùfẹ́ àti ilé iṣẹ́, méjèèjì ló jẹ̀bi níbí, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó yàn. Namco ló gbé e jáde ní 1995 fún Super Famicom. Inú ìlà kan ni ìjà rẹ̀ ti ń wáyé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ju idà. Ẹgbẹ́ DeJap tú u ní 2001, iṣẹ́ wọn sì lókìkí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ata tiwọn sí i: ọ̀rọ̀ rírùn kan wà níbẹ̀ nípa ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Arche, tó le ju ohun tí èdè Jàpáànì sọ lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ìlà yẹn ju ìtàn géèmù lọ, ìyẹn sì ń dùn mí, nítorí olùtumọ̀ ni wọ́n ń rántí, wọn kò rántí Arche.

Ilé iṣẹ́ wá gbé tirẹ̀ jáde lórí Game Boy Advance ní Amẹ́ríkà ní 2006. Ragnarok, ogun òpin ayé nínú ìtàn àwọn ará Àríwá Yúróòpù, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Kangaroo. Ẹ ò ṣì mí kà. Ẹni tó ń gba owó oṣù ló kọ ọ́, ẹlòmíràn sì kà á kó tó lọ sọ́jà.

Mo mú ti DeJap, nítorí ara géèmù Super Famicom dára jù, ohùn rẹ̀ mọ́ jù. Bí ọmọdé bá wà nílé yín, ẹ wá ìtumọ̀ tí ẹgbẹ́ Absolute Zero ṣe fún ti PlayStation.

Ibi tí ilé iṣẹ́ ti borí

Monster World IV: ti Sega, lórí ẹ̀rọ wọn Mega Drive, 1994. Asha àti ẹranko kékeré aláwọ̀ aró tó ń dì mọ́ láti fi fò. Patch olólùfẹ́ wà látijọ́, ṣùgbọ́n Sega tú géèmù náà fúnra wọn ní 2012, wọn kò sì gé nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wà nínú Wonder Boy Collection ti 2022. Ẹ rà á.

Akumajō Dracula X: Chi no Rondo náà fẹ́ jọ ọ́. Ó jáde lórí disiki fún PC Engine, ẹ̀rọ géèmù mìíràn, ní oṣù Kẹwàá 1993. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ní èdè Jámánì, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ Jàpáànì pàápàá ń ka ìtumọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Patch wà, ṣùgbọ́n Castlevania Requiem ti 2018 lórí PlayStation 4 fún yín ní géèmù náà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì láìsí pé ẹ ń wá disiki olówó gọbọi kiri. Kí ẹ má ṣe ra Dracula X ti Super Nintendo (orúkọ Super Famicom ní òkèèrè) rò pé òun ni. Àbúrò rẹ̀ ni, kò sì jọ ọ́ níwà.

Goemon, tí kò ní alátakò

Ishikawa Goemon jẹ́ olè gidi ní Jàpáànì ní bí irinwó ọdún sẹ́yìn; ìtàn ní wọ́n sè é nínú ìkòkò ní 1594. Konami sọ ọ́ di akọni onírun gàgàrà tó ń fi kòkò tábà lu ènìyàn. Ti Super Famicom àkọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà ní 1992, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Kid Ying, Ebisumaru ọ̀rẹ́ rẹ̀ di Dr. Yang. Ìlú Jàpáànì ló yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì, orúkọ Ṣáínà ló wà lọ́rùn wọn.

Nǹkan ẹ̀rín ni gbogbo géèmù yìí, ẹ̀rín rẹ̀ sì ti inú èdè wá. Bí orúkọ bá ti lọ, ẹ̀rín ti lọ. Èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin lórí Super Famicom kò dé òkèèrè nígbà tí wọ́n jáde. Àwọn olólùfẹ́ ló tú wọn, wọ́n sì jẹ́ kí Goemon máa jẹ́ Goemon. Èkejì, ti 1993, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Impact ti kọ́kọ́ farahàn, ẹ̀rọ gàgàrà tí ojú rẹ̀ jọ ti Goemon, tó ń sáré wó ilé lójú ọ̀nà.

Àpótí dúdú ilé wa kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù Famicom, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbé inú igun kékeré oní ìlà mẹ́jọ. Àmì tó ń sọ “ka” di “ga” kò gba àyè níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ń fi í sínú igun mìíràn tó wà lókè rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn igun òkè ti ṣófo sílẹ̀ fún àmì. Ohùn Yorùbá lè gbé ibẹ̀. Àmì abẹ́ ńkọ́? Ẹ, ọ àti ṣ nìkan ló ní i, lẹ́tà kúkúrú sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìlà márùn-ún fún lẹ́tà, ọ̀kan òfìfo, ọ̀kan fún àmì, ọ̀kan ṣẹ́ kù. Mo ti yà wọ́n, wọ́n ṣeé kà. Akumajō Densetsu ni mo mú láti tú sí Yorùbá, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dúró lé lórí. Wọ́n á ní “akuma” ni Èṣù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, nítorí Èṣù wa kì í ṣe ohun tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní akuma. Mo wá kọ Ààfin Ànjọ̀nú. Ànjọ̀nú jẹ́ lẹ́tà mẹ́fà, àmì ohùn mẹ́ta nínú àwọn igun òkè, àmì abẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú igun mẹ́fà láìku ẹyọ kan síta.